Ìgò Ẹlẹ́rìí

Toyibat ló jí ìgò òògùn náà. Ẹ ti fura bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó jókòó ti ìwé yìí, ẹ kò sì ṣìnà. Obìnrin tó ń gbá yàrá tí nǹkan ti sọnù, tó tún ní àbúrò tí tírámádọ̀ ti ń wọ́ káàkiri láti ọdún mẹ́rin, ta ni ìbá tún jẹ́? Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tó wà láàárín ẹ̀yin àti Ìńsípẹ́kítọ̀ Abdulkabir Bàrúwà ni pé ó gbà á ní ọjọ́ mẹ́ta kó tó mọ ohun tí ẹ̀yin mọ̀ ní ìlà àkọ́kọ́, ó sì pe tirẹ̀ ní iṣẹ́ ọpọlọ.

Àgọ́ ọlọ́pàá kan ní Ìlaró ni Bàrúwà ti jẹ́ olórí àwọn ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́. Ọkùnrin gíga ni, aṣọ rẹ̀ kì í rún, bàtà rẹ̀ kì í gba eruku pupa tó ń bá gbogbo èèyàn yòókù jà lágbègbè wa. Nǹkan méjì ló fi ń yangàn: orí rẹ̀ tó pé, àti Faransé tó kọ́ ní ọdún márùn-ún tó fi ṣiṣẹ́ ní ẹnubodè Ìdìrókò. Nǹkan kan ló ń tì í lójú, eyín rẹ̀. Obì ti kùn ún ní pupa, débi pé bó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ̀ á ti bo ẹnu kí ẹ̀rín tó jáde. Ó ti búra pé òun á jáwọ́ kí ààwẹ̀ tó dé. Ààwẹ̀ mẹ́ta ló ti dé, tó sì ti lọ.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n pè é sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Ayétòrò. Akínladé, olórí ẹ̀ka, ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìwádìí. Akínladé kò tíì di ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá pè é bẹ́ẹ̀, ó máa ń dáhùn.

"Ìgò mẹ́rìnlélógún ni Dókítà Lábísí kó dé láti Kútọnu," Akínladé wí. "Àwọn àlejò kan fẹ́ wá bẹ̀ wá wò lọ́la ni mo fi kà wọ́n. Mẹ́tàlélógún ni mo bá."

"Dókítà fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ti padà sí Kútọnu láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Fóònù rẹ̀ kò wọlé."

Inú yàrá náà ń rùn bí ilé eku, torí ilé eku ni. Àgò bí ogójì ló wà lára ògiri, eku funfun kọ̀ọ̀kan nínú wọn, bọ́tìnnì kékeré kan níwájú eku kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ń tẹ bọ́tìnnì tiwọn láìsinmi, tẹ, tẹ, tẹ, bí ẹni tó ń dúró de ìpè tí kò wá. Àwọn mìíràn ti sùn.

Bàrúwà ṣí fíríìjì. Àwọn ìgò náà tó bí ìgò òògùn ikọ́. Ìdajì wọn, TRAITÉ ni wọ́n kọ sí i lára. Ìdajì kejì, TÉMOIN. Ó ka méjèèjì sókè, ó sì fi imú fa ìkẹyìn wọn gùn ju bó ti yẹ lọ.

"Kí ni wọ́n túmọ̀ sí?" Akínladé béèrè.

"Traité, àdéhùn ni. Irú èyí tí orílẹ̀-èdè méjì máa ń bá ara wọn ṣe lórí ọ̀rọ̀ ẹnubodè. Mo ti di irú ìwé bẹ́ẹ̀ mú lọ́wọ́ mi yìí. Témoin, ẹlẹ́rìí ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti jẹ́ témoin ní kóòtù Àjàṣẹ́."

"Òògùn àdéhùn, òògùn ẹlẹ́rìí. Kò yé mi."

"Èwo ló sọnù nínú wọn?"

"Témoin kan."

Bàrúwà yọ obì lápò, ó gé e jẹ. Ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀. Lójijì ó dúró.

"Kí ni orúkọ àbísọ Dókítà Lábísí?"

"Ẹ̀ríolúwa."

Ọwọ́ Bàrúwà lọ bo ẹnu. "Ẹ̀rí. Ẹlẹ́rìí. Témoin. Ó fi orúkọ ara rẹ̀ sàmì sí èyí tó ṣe iyebíye jù. Ti àdéhùn ni èyí tí òun àti àwọn ará Kútọnu jọ ní. Olè wa mọ ìyàtọ̀, kò fọwọ́ kan ti àdéhùn rárá. Ẹni tó gbọ́ Faransé ni, tó sì mọ orúkọ àbísọ obìnrin yìí. Ó sún àwọn ìgò tó kù mọ́ra kí àyè má bàa ṣófo. Ẹni tó ń tún nǹkan tò ni."

Sájẹ́ńtì Hussainat, tó ti bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án, kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Obìnrin kúkúrú ni, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè.

"Ọ̀gá, ṣé kò ní dáa ká dúró kí Dókítà dé, kó sọ ohun tó wà nínú wọn?"

"Sájẹ́ńtì, tí a bá ń dúró de ẹni tó mọ̀, kí ni iṣẹ́ tiwa?"

Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

*

Bàbá Jibril tó ń ṣọ́ géètì ló kọ́kọ́ jókòó síwájú rẹ̀.

"Bàbá, kí ló wà lápò yín?"

"Àpò wo?"

"Èyí tí ọwọ́ yín ò kúrò lórí ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wọlé."

Bàbá náà wo Hussainat, ó wo ilẹ̀, ó fa ìgò kékeré kan jáde. Ojú Bàrúwà tàn. Ó ṣí i, ó gbé e sún mọ́ imú.

"Ẹ gbọ́ Faransé?"

"Mo gbọ́ bọ̀ǹjúù. Ta ni ò gbọ́ bọ̀ǹjúù ní Ayétòrò?"

"Kí lẹ ń fi nǹkan inú ìgò yìí ṣe?"

"Mo fi ń para."

"Mímu la gbọ́ pé wọ́n ń mu ún."

"Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n mu ún, ọmọ mi. Lọ́fínńdà ni. Ìyàwó ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé."

Hussainat kọjú sí fèrèsé, èjìká rẹ̀ sì ń mì díẹ̀díẹ̀. Títí di ìrọ̀lẹ́ ni irun imú Ìńsípẹ́kítọ̀ ń ta sánsán bí ọkọ ìyàwó.

Ó wá yí ìfura rẹ̀ sí Akínladé fúnra rẹ̀. Ẹni tó pe ọlọ́pàá ló máa ń kọ́kọ́ fẹ́ kí wọ́n wo ibòmíràn.

"Ẹ ní kọ́kọ́rọ́ yàrá yìí?"

"Èmi ni olórí ẹ̀ka."

"Ẹ fẹ́ràn iṣẹ́ tí Dókítà Lábísí ń ṣe?"

"Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Kìkì pé wọ́n kọ ìwé kan lórí rẹ̀, orúkọ èèyàn mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, tí kò sí tèmi."

Bàrúwà fa ìlà méjì sábẹ́ ìyẹn. Lẹ́yìn náà ló ní kí Akínladé ka ohun tó wà lára ìgò kan. Olórí ẹ̀ka wò ó pẹ́, ó ní: "Té-mó-yìn." Bàrúwà pa ìlà méjèèjì rẹ́.

*

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó bá Toyibat níbi tó ti ń pààrọ̀ lẹ́búlẹ́bú pákó nínú àgò. Obìnrin tó lé díẹ̀ lọ́gbọ̀n ọdún ni, ará Ìmàṣàyí, ó so gèlè rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa bí ẹni tó fẹ́ gbé ẹrù.

"Kí ni Dókítà yín ń fi àwọn eku yìí wá?"

"Ó ń wá bí èèyàn ṣe lè jáwọ́ nínú nǹkan ni, sà."

"Nǹkan bíi kí ni?"

"Èyí tó bá ti di bárakú. Ó ní ẹ́ńsáìmù kan ń bẹ nínú ọpọlọ, bí alágbàṣe ló rí. Bí nǹkan tó dùn mọ́ ara bá wọlé, òun ló máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí a ò ti ní gbàgbé. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ara ò ní dákẹ́ mọ́, á máa béèrè ni. Bí eku yẹn bá tẹ bọ́tìnnì, tírámádọ̀ ń kán sí i lẹ́nu. Òògùn inú ìgò ló máa so alágbàṣe yẹn lọ́wọ́. Eku tó bá gbà á, á fi bọ́tìnnì sílẹ̀, á sùn."

Bàrúwà kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé nǹkan fún òun tó bẹ́ẹ̀ kó má sì bínú. "Ta ló kọ́ ọ?"

"Dókítà. Ó ní ẹni tó ń bọ́ eku yẹ kó mọ ohun tó ń ṣe eku."

"Àwọn wo ló ń gba òògùn níbí?"

"N ò mọ̀, sà. Nọ́ńbà nìkan ló wà lára àgò. Dókítà ló mọ̀."

"O gbọ́ Faransé?"

"Rárá, sà."

Ó kí i pé ó ṣeun. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà. Láìyíjú padà, ó sọ ní Faransé, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, pé ilẹ̀kùn àgò ti ṣí.

Ọwọ́ Toyibat méjèèjì fò lọ sí ilẹ̀kùn àgò. Títì ló wà. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí irin, kò lè gbé e kúrò, kò sì lè fi í síbẹ̀.

"Ọjà Kétu, lódìkejì ẹnubodè, ni mo ń ná láti Ìwòyè fún ọdún mẹ́fà," ó wí níkẹyìn. "Ẹ má bínú, Bàbá."

"N kì í bínú," Bàrúwà dáhùn, òótọ́ ló sì sọ. Inú rẹ̀ dùn ju kó bínú lọ.

*

Lọ́jọ́rú, wọ́n mú Toyibat lọ sílé rẹ̀ ní Ìmàṣàyí. Abdulrasaq, àbúrò Toyibat, ni wọ́n bá ní ẹ̀yìnkùlé tó ń ro ìdí ẹ̀gẹ́. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n: òun ló ń fi ọ̀kadà gba ojú igbó kó ìrẹsì fàyàwọ́, tírámádọ̀ ló sì fi ń lé oorun. Ó ti sanra díẹ̀ báyìí. Ojú rẹ̀ ti funfun.

"Ìgbà wo lo ti fi í sílẹ̀?"

"Ọjọ́ kọkànlélógún rèé."

"Kí ló mú ọ fi í sílẹ̀?"

"Mo kàn pinnu nínú mi ni."

"Ó tó ọdún mẹ́rin tó o ti ní inú. Kí ló tún dé bá a lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn?"

Abdulrasaq rẹ́rìn-ín, kó tó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn Hussainat. Ẹ̀rín náà kú. "Òògùn kan ni ẹ̀gbọ́n mi bá mi wá. Ìdérí kan láràárọ̀. N ò bi í léèrè ibi tó ti rí i."

"Báwo ló ṣe rí lẹ́nu?"

"Ó níyọ̀ díẹ̀."

"Òògùn gidi kì í dùn," Bàrúwà sọ fún Hussainat, bí olùkọ́ tó ń la ọ̀rọ̀ yé ọmọ kíláàsì.

Inú ike gàrí ni ìgò náà wà. TÉMOIN ṣì wà lára rẹ̀, ó sì ku ìdajì.

"Èmi ni mo mú un," Toyibat wí. "Mo ń wo àwọn eku yẹn lójoojúmọ́. Mo ń wo eléyìí náà. Tírámádọ̀ kan náà ni, bọ́tìnnì nìkan ni kò ní. Orúkọ Dókítà ni mo wò. Mo mọ̀ pé kò ní fi orúkọ ara rẹ̀ sára yẹpẹrẹ."

Díẹ̀ ló kù kí Bàrúwà dì mọ́ ọn. "Sájẹ́ńtì, o gbọ́? Bí mo ṣe rò ó ló ṣe rò ó. Ẹyọ kan kò yẹ̀."

"Mo gbọ́, ọ̀gá."

"Bí ẹ bá fẹ́ mú mi, ẹ mú mi," Toyibat wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìgò náà sílẹ̀ fún un. Bí kò bá rí i mu, á padà síbẹ̀."

"Ẹ̀rí ni ìgò yìí. Ẹ̀rí tí ọwọ́ bá ti kàn ti bàjẹ́ nìyẹn. Adájọ́ á da òun àti ẹjọ́ nù pọ̀."

Hussainat kọ ọ́ sílẹ̀.

*

Wọ́n gba onídùúró Toyibat. Ìgò náà wọ inú àpótí tábìlì Bàrúwà ní Ìlaró, ó ti àpótí náà, ó sì fi ẹ̀wọ̀n fàdákà so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ọrùn. Kò sí àlejò tó wọlé lọ́sẹ̀ náà tí kò fi ìgò hàn. Ó fi han ọ̀gá ọlọ́pàá, ó fi han àwọn oníròyìn rédíò, ó fi han ọkùnrin kan tó wá sọ pé ewúrẹ́ òun sọnù.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni èrò náà wá. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tó dáńtọ́ gbọ́dọ̀ dán ẹ̀rí tirẹ̀ wò. Báwo ni yóò ṣe dúró níwájú adájọ́ sọ pé òògùn ni, bí kò bá mọ̀ ọ́n? Ó ti ilẹ̀kùn. Ó mu ìdérí kan. Ó níyọ̀ díẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀sán, ó rántí pé òun kò tíì fẹnu kan obì. Ó wá a nínú ara rẹ̀ bí ẹni ń wá ibi tó ń dùn, kò rí i. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó tún dán ẹ̀rí wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó gbé fóònù sókè, ó wo eyín rẹ̀ nínú rẹ̀, ó jọ ọ́ pé wọ́n ti ń mọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta yìí kan náà ni Abdulrasaq wá. Ó dúró níwájú tábìlì, ó ń làágùn, àwọn ìka rẹ̀ kò dúró sójú kan.

"Ìdérí kan péré, Bàbá. N ò ní gbé e lọ. Níbí ni máa ti mu ún."

"Ẹ̀rí ni, ọmọ mi."

Iyọ̀ ti àárọ̀ ṣì wà lórí ahọ́n rẹ̀ nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀. Hussainat tó ń to fáìlì ní kọ̀rọ̀ gbójú sókè, ó tún gbé e sílẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, Bàrúwà parí àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ láìsí iyèméjì pé ojúlówó òògùn ló wà nínú ìgò náà, àti pé èèyàn méjì ló lè jẹ́rìí sí i. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló dá.

*

Ọjọ́ Ajé kejì ni Dókítà Ẹ̀ríolúwa Lábísí dé, láti gáréèjì tààrà, báàgì ṣì wà ní èjìká rẹ̀. Akínladé ti wà níbẹ̀. Toyibat wà lórí bẹ́ǹṣì. Láti ojú fèrèsé, wọ́n ń rí Abdulrasaq lábẹ́ igi máńgòrò, ó di orúnkún ara rẹ̀ mú.

Bàrúwà dìde dúró ṣàlàyé. Kò fo ohunkóhun: kọ́kọ́rọ́, àwọn ìgò tí wọ́n sún mọ́ra, ilẹ̀kùn àgò. Nígbà tó dé orí témoin àti Ẹ̀ríolúwa, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń fúnni lẹ́bùn. Ìwé ẹ̀sùn wà níwájú rẹ̀, ìbuwọ́lùwé rẹ̀ ló kù.

Dókítà gbọ́ ọ dópin. "Faransé yín dáa, Ìńsípẹ́kítọ̀."

"Ẹ ṣeun, mà."

"Ti kóòtù ni. Ti yàrá ìwádìí yàtọ̀ sí i. Traité, eku tó gba òògùn nìyẹn. Témoin, eku tí a kò fún ní nǹkan kan, tí a kàn fi ń mọ ìyàtọ̀. Omi ló wà nínú ìgò yìí. Omi àti iyọ̀. Èmi ni mo pò ó."

Toyibat dìde kúrò lórí bẹ́ǹṣì.

"Omi?" Toyibat wí.

"Omi ni, Toyibat."

"Kò lè jẹ́ omi," Bàrúwà wí. "Ó ṣiṣẹ́."

"Lára ta?"

Ọwọ́ Bàrúwà lọ sí kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀. "Lára ọmọkùnrin yẹn."

"Ó gbà pé òun ti rí òògùn. Ọpọlọ tó bá ń retí ìwòsàn máa ń ṣe ohun tí ẹnì kan ò rán an nígbà mìíràn. A máa ń rí i. Ìdí tí a kì í fi ṣe ìwádìí láìsí témoin nìyẹn. Òògùn gan-an, ara eku nìkan la ti rí iṣẹ́ rẹ̀. A ò tíì dán an wò lára èèyàn kankan. Ọlọ́run ló yọ wá pé kì í ṣe òògùn náà ni ọmọ yẹn mu."

Toyibat ti sún mọ́ ọn, ó ń sọ̀rọ̀ sísàlẹ̀, ojú rẹ̀ ní fèrèsé. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, kó má gbọ́. Ọjọ́ karùn-ún rèé tí kò rí i mu. Ó ń gbọ̀n, àmọ́ kò tíì padà síbẹ̀. Ó rò pé wọ́n á dá ìgò náà padà fún òun ni. Bó bá gbọ́ pé omi ni, ó tán."

"Mo mọ̀. Ìńsípẹ́kítọ̀, ẹ fún mi ní ìgò mi, kí n gbé e fún un."

"Rárá o," Akínladé wí. "Ẹ̀ka mi ni wọ́n ti jí i. Bó jẹ́ omi, olè ṣì ni olè. Kóòtù la ń lọ, wọ́n á sì ka ohun tó wà nínú rẹ̀ síta kí gbogbo ayé gbọ́."

Ó yẹ kí Bàrúwà dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já Faransé gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba nílò nǹkan mìíràn tí yóò dì mú. Ó gbé báírò.

"Òfin ni òfin. Ẹ̀rí wà, ó pé, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án."

"Ọ̀gá," Hussainat wí, "kí ẹ tó buwọ́ lù ú." Ó ti ṣí ìwé rẹ̀. "Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbé ìgò yẹn han àlejò ni mo máa ń fi báírò fa ìlà síbi tí omi rẹ̀ dé. Ọjọ́rú, ìdajì. Ọjọ́bọ̀, ó fi ìdérí kan lọ sílẹ̀. Ẹtì, ìdérí kan. Àbámẹ́ta, ìdérí kan. Àná, ìdérí kan."

Akínladé gbé ìgò náà sí ìmọ́lẹ̀. Àwọn ìlà náà wà níbẹ̀, wọ́n tẹ̀ lé ara wọn bí àkàbà.

"Ta ló ń mu ún?"

Ọwọ́ Bàrúwà ti lọ bo ẹnu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ọwọ́ náà, ahọ́n rẹ̀ ti ń wá obì.

"N ò mọ̀, sà," Hussainat dáhùn. "Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ni àpótí yẹn ní. Ọrùn ọ̀gá ló wà."